TA NI Ó NI ILÉ ÀTIJỌ́?

Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ kan ní ilẹ̀ Òsóòrò níbí, tí kò kúrò lọ́kàn wa láti ìgbà náà wá. A rò pé ó yẹ kí a gbé e ka iwájú yín kí ẹ bá wa rò ó, nítorí kò sí ìdílé tàbí ìjọ kan ní agbègbè wa tí irú rẹ̀ kò lè dé bá. Ìjọ náà ní ilé olùkọ́ àtijọ́ kan, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́rin tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, tí àwọn bàbá àti ìyá ìjọ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kí a tó bí púpọ̀ nínú àwa tí ń bẹ láàyè lónìí. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, omi òjò sì ti jẹ ìdí ògiri rẹ̀ ní apá kan. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ kí a wó o, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ gbọ̀ngàn sí ipò rẹ̀. Àwọn àgbà dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, bàbá kan dìde nínú wọn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ta ni ó ni ilé tí ẹ fẹ́ wó yìí?" Ó sì jókòó. Ìpàdé náà tú láìsí ìpinnu, a sì dá ọjọ́ mìíràn.

Lójú ẹni tí ó bá ń kánjú, ìbéèrè bàbá yìí rọrùn láti dáhùn. Ìjọ ni ó ni ilẹ̀, ìjọ ni ó ni ilé. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ ni ìgbìmọ̀ yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó jogún ilé bàbá rẹ̀ lè wí pé tèmi ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní ẹjọ́ láti bá mi rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn òfin ni bàbá náà ń béèrè, ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni. Ẹni tí ilé kan bọ́ sí lọ́wọ́, ǹjẹ́ àṣẹ rẹ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè pa á run láìbi ẹnikẹ́ni léèrè? Tàbí àwọn tí ó kọ́ ọ, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àti àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí, tí wọn kò tí ì lè sọ̀rọ̀, ní ìpín nínú rẹ̀? Àwọn tí wọ́n ka Bíbélì mọ ìtàn Nábótì, tí ó kọ̀ láti fi ogún àwọn bàbá rẹ̀ fún Áhábù ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ṣe ìlérí owó tàbí ọgbà tí ó dára jù ú lọ. Nábótì kò wí pé ọgbà náà dára ju ti ọba. Ohun tí ó wí ni pé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan láti fi fúnni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń kọ́ ilé ní ìgbà àwọn bàbá wa, nítorí inú iṣẹ́ náà ni a ó ti rí ẹni tí ó ni ín. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri. A ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó bu omi sí i, a ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn náà a ó mọ ìpele kan yí ilé ká, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí a tó gbé ìpele mìíràn lé e. Nítorí bí a bá fi ìwàǹwára gbé tútù lé tútù, gbogbo rẹ̀ yóò wó papọ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní ilẹ̀ igbó bí tiwa, ewé gbọdọgì àti ewé ọ̀pẹ ni. Kò sí ọkùnrin kan tí ó lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni a ń bẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa gbẹ́ ilẹ̀, wọn a sì máa mọ ọ́n. Àwọn ọmọdé a máa tẹ amọ̀. Àwọn obìnrin a máa pọn omi, wọn a sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ wọn rẹ́ ògiri títí yóò fi dán. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé lọ́dún yìí, yóò bá ẹlòmíràn kọ́ tirẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń pe ilé ní orúkọ ẹnì kan, gbèsè ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú ògiri rẹ̀, gbèsè tí a kò fi owó san, bí kò ṣe ọwọ́ fún ọwọ́.

Nígbà tí irú ilé mìíràn dé, ọ̀ràn náà kò yí padà. Ní Àgbádárìgì, létí ọ̀sà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1842 ni Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, C. A. Gollmer sì parí rẹ̀ ní 1845. Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú gbé ibẹ̀, kí ó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ilé náà dúró di òní, nítorí pé láti ìran dé ìran ni a ti rí ẹni tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Orúkọ mẹ́ta tí a dá yìí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ sórí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ènìyàn mẹ́ta kì í kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹnì kan ru igi rẹ̀, ẹnì kan pọn omi rẹ̀, ẹnì kan sì gun àkàbà lábẹ́ oòrùn láti kan òrùlé rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn ilé Àgùdà ní Èkó. Ní ọdún 1835 àwọn ẹrú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìtẹ̀ ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, a sì ṣẹ́gun wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a lé kúrò níbẹ̀, àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà, bẹ̀rẹ̀ sí padà sí etí òkun wa. Wọn kò kó wúrà bọ̀. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ nínú oko ẹrú: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti ọgbọ́n fífi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sára ògiri. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Pópó Àgùdà, tí fèrèsé wọn ga, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí ọ̀nà kan gba àárín wọn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn oníṣẹ́ wa kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ó sì tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, àti gbogbo ilẹ̀ tí owó kòkó dé. Púpọ̀ nínú yín tí ń ka ìwé yìí ni a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí a tú sílẹ̀ kúrò ní oko ẹrú ni ó kọ́kọ́ yà á sí ilẹ̀ wa.

Ní òpópó Kákáwà, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré, kọ́ ilé ńlá kan tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ilé Olómi, nítorí kànga tí ó wà níbẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń ra omi rẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tí ì dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894: a mọ̀ pé João Baptista da Costa, Àgùdà, àti Sanusi Aka, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ni ọ̀gá oníṣẹ́ níbẹ̀. Ó wù wá láti dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń rántí ọwọ́ tí ó kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ilé kan wà nínú àwọn wọ̀nyí tí a kò lè rí mọ́. Ní Ìta Tinúbú ni ó wà, ilé Fernandez, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni wọ́n máa ń dá fún kíkọ́ rẹ̀. Ní 1956 Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Ìsinmi, a gbé katakata wá, a sì wó o palẹ̀. Ariwo ta ní ìlú. Àwọn kan dá àwọn tí ó jogún rẹ̀ lẹ́bi. Àwọn mìíràn dá Ìjọba lẹ́bi, pé kíkéde kò bo òrùlé, ìwé àṣẹ kò sì dí ògiri tí ó là. Àwa kò jókòó láti dájọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ilé tí ó ní ẹni tí ó jogún rẹ̀, tí ó ní òfin tí ó dáàbò bò ó, tí ó sì ní ọ̀pọ̀ olùfẹ́ tí ó ń yìn ín, kò ní ẹnì kan tí ó ń tún un ṣe. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kì í wọ ibẹ̀. Katakata parí iṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti ń wó ilé náà díẹ̀díẹ̀ kí katakata tó dé.

Bí a ti dárúkọ Bùràsíìlì, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nítorí a kó àwọn ènìyàn wa lọ sí ibẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ronú lórí ìbéèrè bàbá wa yìí fún ìgbà pípẹ́. Ní ìlú New Orleans, irú ilé kan wà tí ó tóóró, tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, tí yàrá tẹ̀lé yàrá láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ sí ojú títì. Wọ́n ń fi ìbọn pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa wí pé bí a bá yìn ín ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ọta yóò jáde ní ti ẹ̀yìn láìkan ògiri kan. Ilé tálákà ni a kà á sí, wọ́n sì wó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1975, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ ilé náà padà. Ó rí i pé àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti Haiti wá, tí púpọ̀ nínú wọn dé New Orleans ní 1809, ni wọ́n kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀; ní Haiti ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ ti ilé oníyàrá méjì àwọn Yorùbá, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 20 ní gígùn. Àwọn mìíràn rò pé tóóró ilẹ̀ ìlú ni ó sọ ilé náà di bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìrántí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí ti Vlach bá jẹ́ òtítọ́, nígbà náà àwọn tí a gba ilé, orúkọ àti èdè lọ́wọ́ wọn ṣì gbé ìwọ̀n yàrá bàbá wọn dání nínú ara wọn, bí ènìyàn ti í mọ ìwọ̀n ìṣísẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ilé kékeré. Ní ti àwọn ilé ńlá, ẹ gbọ́ ti Mount Vernon, ilé George Washington, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kú ní 1799, ẹrú 317 ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ilé náà ti ń jẹrà, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò lágbára láti tún un ṣe, Ìjọba kò sì rà á. Ní 1853 obìnrin kan, Ann Pamela Cunningham, tí ara rẹ̀ kò dá, pe àwọn obìnrin ilẹ̀ náà jọ. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ìgbà náà, síbẹ̀ wọ́n fi ẹgbẹ́ dá owó, ní 1858 wọ́n sì ṣe àdéhùn láti ra ilé náà ní 200,000 dọ́là. Ẹgbẹ́ obìnrin náà ni ó ni ín títí di òní. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó jogún ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ìjọba, ni ó gba ilé náà là, bí kò ṣe àwọn tí ó gbà pé ó kàn wọ́n.

Síbẹ̀, ìtàn náà kò tán níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àlejò a máa dé Mount Vernon, wọn a máa fi àga àti ibùsùn ọ̀gá hàn án. Ṣùgbọ́n ibi tí a sin àwọn ẹrú sí kò ní orúkọ kan. Ní 1929 a fi òkúta kékeré kan síbẹ̀. Ní 1983 a ṣe èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Bákan náà ni Monticello, ilé Thomas Jefferson. Ayé ń yìn ín nítorí ẹwà ilé náà, ṣùgbọ́n ẹrú kan tí ń jẹ́ John Hemmings ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ igi inú rẹ̀. Nígbà tí Jefferson kú ní 1826 tí ó fi gbèsè sílẹ̀, a kó àwọn ohun èlò ilé náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1827, a sì tà wọ́n ní gbàǹjo pẹ̀lú 130 ènìyàn. Ní Charleston, bí ènìyàn bá súnmọ́ bíríkì ara ilé àtijọ́, yóò rí àmì ìka tí ó wọnú rẹ̀ nígbà tí ó tútù, ìka àwọn ẹrú, àti ti àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ogun ti kọjá lórí ilé wọ̀nyí, ẹni tí ó ni ín ti kú. Ìka àwọn ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀.

Nínú èyí a kọ́ ohun kan. A lè wó ilé nípa fífi katakata wó ògiri rẹ̀. A sì lè jẹ́ kí ògiri dúró dáradára, kí a sì wó ilé náà nípa pípa orúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ rẹ́. Nítorí náà kò tó láti wí pé kí a máa pa ilé àtijọ́ mọ́. Ohun tí a ń pa mọ́ ni ó yẹ kí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ti ara wa níhìn-ín, kí ẹ má bàa rò pé láti orí òkè ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ iṣẹ́ wa, ilé alámọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ìpàdé. Ojú rẹ̀ tì wá. A ń retí àlejò pàtàkì, a kò sì fẹ́ kí ó rí i. Òrùlé rẹ̀ kò jò, ògiri rẹ̀ kò là. Ojú nìkan ni ó tì wá. A pàṣẹ, a sì wó o láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹfun ara rẹ̀ ń ṣí, a rí àmì ìka lára amọ̀ náà, ní ìlà ní ìlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ti fi ọwọ́ rẹ́ ẹ láti òkè dé ilẹ̀. A rí i, a sì kọjá lọ. Ní ọjọ́ kẹta ìyá àgbà kan wá, ó mú agbọ̀n lọ́wọ́. Ó kí wa, ó ní, "Ẹ̀yin Àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, amọ̀ ògiri tí ó kọjú sí ìlà oòrùn ni mo wá bù díẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi wà níbẹ̀." Ṣùgbọ́n a ti kó gbogbo rẹ̀ lọ dí kòtò ojú ọ̀nà. A kò rí èsì fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ padà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìbéèrè bàbá ìjọ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà tí kò fẹ́ ìlọsíwájú. Bí ìyá náà bá ti wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ì bá ti sọ fún wa pé òun pẹ̀lú ní ilé náà, a kò sì ní lè sọ pé irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọ́jú sí òtítọ́ tí ó wà ní apá kejì. Àwọn bàbá wa náà ni wọ́n wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Wọn kò fi ilé ṣe òrìṣà. Bí ilé bá gbó, wọ́n a wó o, wọ́n a sì lo amọ̀ rẹ̀ láti mọ òmíràn. Ìlútitun tiwa níhìn-ín ń sọ nínú orúkọ rẹ̀ pé ìlú tí ó ti gbó lónìí ti jẹ́ titun rí. Ó sì burú kí ẹni tí ń gbé inú ilé búlọ́ọ̀kù máa wí fún tálákà pé kí ó máa gbé inú ilé tí ń jò nítorí ẹwà àtijọ́. Ilé tí ó lè wó pa ọmọ kò ní ẹ̀tọ́ kan lórí wa. Ẹ̀mí ọmọ kan ju gbogbo ògiri lọ.

Ẹ tún wo ti Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá tí ó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, a sì gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí a ṣe ní Wembley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ilé Ohun Àtijọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà á. Ọba kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀ di òní. Ó dùn wá pé ó lọ. Ṣùgbọ́n a kò lè wí pé ọba náà gọ̀, nítorí Olówè wà láàyè nígbà náà, ọba sì ní kí ó gbẹ́ òmíràn. Ẹni tí ọwọ́ tí ó ṣe nǹkan ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ lè fi nǹkan náà sílẹ̀ láìsọnù púpọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ náà ti lọ, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ni ọ̀ràn di mìíràn. Ta ni ó kù ní Òsóòrò lónìí tí ó lè mọ ògiri ní ìpele ní ìpele, tí ó mọ ọjọ́ tí amọ̀ gbẹ tó láti gbé òmíràn lé e?

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ ìjọ náà, àti fún gbogbo ìdílé tí irú rẹ̀ bá dé bá. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó gbé ọkọ́ sókè.

Èkíní: àìní ni ń lé wa, tàbí ìtìjú? Bí ó bá jẹ́ àìní, bí ilé bá ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn, tàbí bí kò bá sí ibòmíràn fún ohun tí a fẹ́ kọ́, ẹ wó o, kí ọkàn yín sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú ń tì wá nítorí àlejò, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìtìjú kì í ṣe ayàwòrán ilé. Àwọn ilé ńlá titun wà káàkiri ilẹ̀ wa, tí a fi mábù tẹ́, tí a kì í ṣí àfi ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ilé tí ó ga tí ó sì ṣófo kò bu ọlá fún ìlú ju ilé alámọ̀ tí olùkọ́ ti tọ́ ogójì ọmọ níbẹ̀ lọ.

Èkejì: ǹjẹ́ a ti tọ́jú rẹ̀ kí a tó dá a lẹ́bi? Ohun tí ń pa ilé alámọ̀ kò ju omi lọ. Ó ń ti òkè wọlé níbi tí páànù ti lu, ó sì ń ta láti ilẹ̀ sí ìdí ògiri níbi tí etí òrùlé kò gùn tó. Bí a bá pààrọ̀ páànù, tí a fa etí òrùlé jáde, tí a fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì dí ìdí ògiri, tí a sì gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi lè lọ, ilé náà lè ju àwọn ọmọ wa lọ láyé. Ògiri rẹ̀ nípọn, ooru kì í sì tètè là á kọjá. Àwọn olùkọ́ tí ó ti sùn nínú irú ilé méjèèjì lóṣù Kẹta mọ èyí tí ó tutù. Ilé tí a kò bo òrùlé rẹ̀ fún ogún ọdún, tí a wá ń wí pé ó ti gbó, àwa ni a gbó o.

Ẹ̀kẹta: ta ni ó kọ́ ọ? Kí a tó ṣí páànù kan, kí ìjọ pe àwọn àgbà jọ, kí a sì kọ orúkọ sínú ìwé: ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó mọ amọ̀, àwọn obìnrin tí ó pọn omi tí wọ́n sì rẹ́ ògiri, àwọn ọmọdé tí ó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá pinnu láti tún ilé ṣe, kí a kan orúkọ náà mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí a bá pinnu láti wó o, kí orúkọ náà wà lára ògiri titun, kí a sì pe àwọn ọmọ àwọn tí ó kọ́ ọ wá wò ó kí ó tó lọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ bu amọ̀ lè bù ú.

Báyìí ni a ṣe dáhùn ìbéèrè bàbá wa. Àwọn tí ó kú ní ilé náà, ní ti pé kò gbọdọ̀ di pé wọn kò wà rí. Àwọn tí a kò tí ì bí ní ín, ní ti pé kò yẹ kí a ná gbogbo ogún wọn tán kí wọ́n tó dé. Àwa tí ń bẹ láàyè ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù ìtọ́jú sì wà lórí rẹ̀.

Ní ti ilé olùkọ́ náà, ìgbìmọ̀ yóò tún pàdé lẹ́yìn ìkórè. A ti sọ fún wọn ohun tí àwa yóò dìbò fún: kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ páànù, kí a dí ìdí ògiri, kí a sì wo òjò ọdún méjì. Bí ìbò bá lọ sí ibòmíràn, a ó gbà. Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan ni a bẹ̀ yín, èyí tí kò gba owó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì yín lọ bi ẹni tí ó dàgbà jù lọ nílé pé, ta ni ó rẹ́ ògiri ilé wa? Kí wọ́n kọ orúkọ náà wá. A mọ ìyá àgbà kan tí ì bá ti dáhùn tayọ̀tayọ̀, bí a bá ti bi í.